Òkèlè tá a gbé mì, ta ló ń bá wa rún un?

Àwa tá a ń jẹ òkèlè, a kì í rún un. Iyán o, ẹ̀bà o, àmàlà o, fùfú o, ọwọ́ á bù ú, á fi kan ọbẹ̀, ó di ọ̀fun, eyín ò mọ̀ pé nǹkan kan kọjá. Ọmọ tó bá sì ń rún àmàlà, ìyá ẹ̀ á ní "gbé e mì jàre, ṣé búrẹ́dì ni?" Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní biology, ibẹ̀ yẹn gan an ni mo máa ń ti bẹ̀rẹ̀ tá a bá dé orí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara, torí ìbéèrè ńlá wà níbẹ̀: tí eyín ò bá rún un, tí itọ́ náà ò ráyè ṣiṣẹ́ lé e lórí, ta ló wá ń bá wa rún un? Gbogbo kíláàsì á pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé ikùn ni. Tó bá jẹ́ ti iyán, ikùn kọ́ o. Ikùn ò mọ bí wọ́n ṣe ń gé iṣu rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ìdí tá a fi ní láti gé e. Sítáàṣì inú iṣu, ṣúgà kéékèèké ni, àmọ́ wọ́n so kọ́ ara wọn lọ rẹrẹẹrẹ, wọ́n lè tó ẹgbẹ̀rún lórí ìlà kan ṣoṣo. Ara ìfun ò lè gba ìyẹn kọjá sínú ẹ̀jẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń gbà. Ẹran náà bẹ́ẹ̀, epo náà bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ló tóbi jù. Àwọn tó ń gé wọn ni à ń pè ní ẹ́ńsáìmù, ara wa ló ń ṣe wọ́n, pùrótéènì ni wọ́n, iṣẹ́ kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sì mọ̀. Èyí tó ń gé sítáàṣì ò ní fọwọ́ kan ẹran, èyí tó ń gé ẹran ò ní bojú wo epo. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nìyẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ inú tó ń yọ ọ̀pọ̀ wa lẹ́nu wà, ẹ máa rí i tó bá yá.

Ẹnu ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Itọ́ ń sun wá láti iwájú etí, láti abẹ́ àgbọ̀n àti láti abẹ́ ahọ́n, lọ́tùn-ún lósì, á tó lítà kan tàbí kó lé lójúmọ́, ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń pè ní amylase sì wà nínú ẹ̀, tó ń gé sítáàṣì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí iṣẹ́ ẹ̀, ẹ mú ìrẹsì funfun tí ò lọ́bẹ̀, ẹ rún un, ẹ má tètè gbé e mì, ẹ jẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu dáadáa, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, torí ṣúgà ti ń já kúrò lára sítáàṣì yẹn lórí ahọ́n yín. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ ṣe é ní kíláàsì, ẹ ó rí i tójú wọn máa là. Kẹ́ ẹ sì tó fi nǹkan kan sẹ́nu gan an ni itọ́ ti ń dà, òórùn ẹ̀fọ́ rírò láti ilé kejì ti tó. Ivan Pavlov, ará Rọ́ṣíà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ọ̀rọ̀ ajá àti agogo, iṣẹ́ tó ṣe lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà ni wọ́n fi fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1904, agogo kọ́. Ó ṣètò ẹ̀ débi pé ajá á jẹun, oúnjẹ ò sì ní dé inú ajá yẹn rárá, ibi ọrùn ló ti ń já bọ́ síta, síbẹ̀ omi inú àpòlúkù ajá náà, ìyẹn ikùn ẹ̀, ń sun wá púpọ̀. Ọpọlọ ló ránṣẹ́ sí i pé oúnjẹ ń bọ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n jókòó jẹun, kí wọ́n gbọ́ òórùn ẹ̀, kí wọ́n fojú rí i, kì í ṣe kéèyàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò máa kó o mì.

Àpòlúkù ńkọ́? Iṣẹ́ tiẹ̀ ni ẹran, ẹja, ẹyin, gbogbo ohun tó bá jẹ́ pùrótéènì. Bí a ṣe mọ̀ ọ́n, ìtàn ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alexis St. Martin ni, ọmọ Kánádà tó ń bá àwọn oníṣòwò awọ ẹran ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 1822, ní erékùṣù Mackinac ní Amẹ́ríkà, ìbọn ṣèèṣì yìn bà á ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Kò sẹ́ni tó rò pé ó máa rí ọjọ́ kejì. Dókítà àwọn sójà tó wà níbẹ̀, William Beaumont, tọ́jú ẹ̀, ó sì yè é, ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ yẹn ò padé mọ́, ó ku ihò kan tó wọlé tààrà sínú àpòlúkù ẹ̀, èèyàn lè bẹjú wo inú. Ní 1825 Beaumont bẹ̀rẹ̀ sí í so ẹran màlúù, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, búrẹ́dì, kábéèjì mọ́ okùn sílíìkì, á sọ ọ́ gba ihò yẹn wọlé, á dúró fún wákàtí kan, á fà á jáde, á wo èyí tó ti yọ́ àti èyí tí ò tíì yọ́. Ó tún fa omi inú àpòlúkù náà jáde sínú ìgò, ó gbé ẹran sí i, ó ń mú un móoru bí ara èèyàn ṣe ń móoru, ẹran yẹn sì ń yọ́ nínú ìgò níbẹ̀, láìsí ara, láìsí ikùn tó ń fún un. Ṣáájú ìgbà yẹn àwọn ọ̀mọ̀wé ń bára wọn jiyàn, àwọn kan ní ikùn ń lọ oúnjẹ ni, àwọn kan ní ṣe ló ń rà. Ìwé tí Beaumont tẹ̀ jáde ní 1833 fi yé gbogbo ayé pé omi yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Ó tiẹ̀ kíyè sí i pé tínú bá ń bí St. Martin, oúnjẹ kì í tètè dà nínú ẹ̀.

Ó máa ń dùn mí o, bí wọ́n ṣe lo ọkùnrin yẹn. Tálákà ni, kò mọ̀wé, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi í ṣe ìwádìí náà ló ti ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ó sì sá padà sílé ní Kánádà nígbà tó yá. Nígbà tó kú ní 1880, àwọn ẹbí ẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí òkú náà bàjẹ́ kí wọ́n tó sin ín, kí dókítà kankan má baà wá là á. Mi ò dá wọn lẹ́bi rárá.

Nínú omi yẹn, ohun méjì ló ṣe pàtàkì. Ásíìdì wà níbẹ̀, èyí tó le gan an, tó sì ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò tó bá oúnjẹ wọlé. Ẹ́ńsáìmù kan tún wà níbẹ̀ tí Theodor Schwann, ará Jámánì, rí ní 1836, tó sọ ní pepsin, òun ló ń gé ẹran. Kò mọ nǹkan kan nípa sítáàṣì. Àní, ásíìdì yẹn tún máa ń dá amylase tó bá itọ́ wọlé dúró lẹ́nu iṣẹ́ tó bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní iyán tẹ́ ẹ gbé mì máa ń wà níbẹ̀ ni, ikùn á kàn máa pò ó mọ́ omi títí á fi rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, á wá máa tú u sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ tún lè bèèrè pé kí ló dé tí pepsin ò jẹ àpòlúkù fúnra ẹ̀, ṣebí ẹran ni àpòlúkù náà, tá a bá rà á lọ́jà pẹ̀lú ṣàkì a ó sè é jẹ. Ara wa gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pepsin kì í jáde ní pepsin, ṣe ló ń jáde ní ohun mìíràn tí ò lè gé nǹkan kan, ásíìdì ló máa ń sọ ọ́ di pepsin lẹ́yìn tó bá ti kúrò níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ikun tó ń fà yọ̀ọ̀ tún bo ara àpòlúkù nínú lọ́hùn-ún (irú ikun inú imú ni mo ń sọ, irú ohun tó ń ki tó sì ń yọ̀ yẹn), kò jẹ́ kí ásíìdì kàn án, awọ inú ibẹ̀ sì ń pààrọ̀ ara ẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Tí ààbò yìí bá bàjẹ́ ni ọgbẹ́ inú ń wá, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ọ́sà. Lọ́dọ̀ wa, tẹ́nì kan bá ti lọ́sà wọ́n á ní ebi ló fi pa ara ẹ̀. Àmọ́ Barry Marshall àti Robin Warren ní Australia ti fi hàn láti àwọn ọdún 1980 sí 1989 pé kòkòrò kan tó ń jẹ́ Helicobacter pylori ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ẹ̀, Marshall tiẹ̀ gbé kòkòrò náà mu fúnra ẹ̀ ní 1984, inú ẹ̀ sì dàrú lóòótọ́, wọ́n gba Nobel ní 2005. Oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac tí àwọn èèyàn ń jẹ bí ẹní jẹ ẹ̀pà ni ìkejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ọ́sà bá ń yọ lẹ́nu, kó lọ yẹ kòkòrò yẹn wò lọ́sibítù, ó ní oògùn tó ń pa á, ọ̀rọ̀ "máa tètè jẹun" nìkan ò lè wò ó sàn.

Ó wá ku ẹni tó ń gé iyán. Ẹ̀yìn àpòlúkù ló fara pamọ́ sí, pancreas ni orúkọ ẹ̀, kò tóbi, bẹ́ẹ̀ ó ń tú omi tó lé ní lítà kan jáde lójúmọ́ sínú ìfun kékeré. Omi yẹn ń pa ásíìdì tó bá oúnjẹ bọ̀ láti òkè, amylase tó lágbára wà nínú ẹ̀, òun ló ń kọlu iyán náà, ẹni tó ń rún òkèlè nìyẹn. Báwo ló ṣe ń mọ̀ pé oúnjẹ ti dé? Àwọn èèyàn rò pé iṣan ọpọlọ nìkan ló ń sọ fún un, títí di ọdún 1902, tí William Bayliss àti Ernest Starling ní University College London gé gbogbo iṣan tó so mọ́ apá ìfun ajá kan, wọ́n wá da ásíìdì síbẹ̀. Pancreas ṣì tú omi jáde. Wọ́n ha awọ inú ìfun náà, wọ́n lọ̀ ọ́ mọ́ ásíìdì, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà á sínú ẹ̀jẹ̀ ajá, pancreas tún tú omi jáde. Ìfun ló ń gba inú ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Wọ́n sọ oníṣẹ́ yẹn ní secretin, òun ni họ́mọ̀nù àkọ́kọ́ tí ayé fi orúkọ yẹn mọ̀.

Pancreas tún ń ṣe àwọn tó ń parí iṣẹ́ lórí ẹran, trypsin ni olórí wọn, inú àkọ̀ sì ni gbogbo ọ̀bẹ yẹn ń wà títí wọ́n á fi dé ìfun. Ẹ́ńsáìmù kan tó lẹ̀ mọ́ ara ìfun ló ń yọ trypsin lákọ̀, trypsin á wá yọ àwọn yòókù. Tí wọ́n bá yọ lákọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà nínú pancreas, ara pancreas ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gé, ìrora ẹ̀ burú, ó ń pa èèyàn, òkúta inú òróòro àti ọtí àmujù ló sì ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Òróòro kan náà ni o, èyí tẹ́ ẹ rí lára ẹ̀dọ̀ adìyẹ, tó dúdú bí ewé, tí ìyá wa máa ń ní ká rọra fi ọ̀bẹ yọ kó má bẹ́, torí tó bá bẹ́ gbogbo ẹran yẹn ló ti korò. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe omi inú ẹ̀. Ẹ́ńsáìmù kọ́ ni omi yẹn, ṣùgbọ́n láìsí i epo pupa ò ní dà dáadáa. Epo ò pò mọ́ omi, inú omi sì ni lipase tó ń gé epo wà, orí epo nìkan lọwọ́ ẹ̀ lè tó. Òróòro máa ń fọ́ epo yẹn sí wẹ́wẹ́, kí ọwọ́ lipase lè tó gbogbo ẹ̀.

Kò tíì tán síbẹ̀. Àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń gé e kẹ́yìn ò léfòó nínú omi, ara ìfun ni wọ́n lẹ̀ mọ́. Maltase ń gé ṣúgà méjìméjì tó kù lára iyán sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ á sì gbé e lọ. Sucrase ń gé ṣúgà inú tíì. Lactase ń gé ṣúgà inú mílíìkì, ibi tí mo fẹ́ dé gan an nìyẹn.

Mo ní àǹtí kan tó fẹ́ràn tíì, kó da mílíìkì inú agolo sí i kó funfun báláú. Kò ní pẹ́, inú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, á wú, á máa sáré lọ sí ilé ìgbẹ̀. Gbogbo ilé gbà pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, ṣúgà ló fà á, wọ́n ra àgbo kíkorò fún un, ó fi ṣúgà sílẹ̀ pátápátá. Mílíìkì ò kúrò nínú tíì yẹn o, inú náà ò sì yéé kùn. Irú àǹtí yìí pọ̀ nílé wa, ẹni tó ń ka eléyìí lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tá a wà lọ́mọdé gbogbo wa la ní lactase dáadáa torí ọmú là ń mu. Lẹ́yìn tá a bá já lẹ́nu ọmú, ní ọ̀pọ̀ èèyàn ayé, ara á dín ṣíṣe ẹ̀ kù. Ṣúgà mílíìkì tí ò rẹ́ni gé e á kọjá lọ sínú ìfun ńlá, á fa omi mọ́ra, àwọn bakitéríà ibẹ̀ á fi ṣe oúnjẹ, gáàsì tí wọ́n ń tú ló ń kùn nínú èèyàn yẹn.

Inú mi dùn pé ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé ní Yunifásítì Èkó, tó wá di mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, òun àti Norman Kretchmer láti Stanford àtàwọn mìíràn fún àwọn èèyàn oríṣiríṣi ẹ̀yà ní Nàìjíríà ní ṣúgà mílíìkì mu, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò bóyá ṣúgà ẹ̀jẹ̀ gòkè. Wọ́n tẹ èsì ẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 1971. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá àti àwọn Ìgbò, àgbà tó lè gé e ṣọ̀wọ́n gan an. Lọ́dọ̀ àwọn Fúlàní darandaran, èyí tó pọ̀ jù ló lè gé e. Wọ́n ti ń fi mílíìkì jẹun láti ìran dé ìran, ara wọn ò dáwọ́ lactase dúró, ọmọ sì lè jogún ẹ̀ lára òbí kan ṣoṣo. Àwa tiwa, iṣu la jogún. Kò sí àrùn kankan níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fi nǹkan ṣe wá, bí ara àgbà ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ibi láyé nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ò ní lactase ṣì lè mu ife mílíìkì kan pẹ̀lú oúnjẹ tí nǹkan kan ò sì ní ṣe é, tó bá pọ̀ ju ìyẹn ló ń dìjà. Wàrà ò sì le bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí àwọn obìnrin Fúlàní ṣe ń ṣe é: wọ́n á gbé mílíìkì ka iná, wọ́n á fún omi ewé bomubomu sí i, ẹ́ńsáìmù wà nínú ewé yẹn tó ń gé pùrótéènì mílíìkì débi tó fi ń dì. Wọ́n á kó èyí tó dì, wọ́n á sẹ́ omi ẹ̀ dànù, púpọ̀ nínú ṣúgà tó ń dà wá láàmú yẹn sì ti bá omi lọ. Nọ́nọ̀ tó ti kan náà, bakitéríà inú ẹ̀ ti jẹ lára ṣúgà yẹn ká tó mu ún. Ewé mìíràn tó tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni ti ìbẹ́pẹ, ẹni tó bá fẹ́ kí ẹran tó le tètè rọ̀ á fi ewé ẹ̀ tàbí ìbẹ́pẹ dúdú sí i, papain, ẹ́ńsáìmù inú oje ẹ̀, ló ń gé ẹran yẹn kó tó dé ẹnu ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀wà ńkọ́? Ẹ̀wà yàtọ̀, torí gbogbo wa ló kàn, Fúlàní o, òyìnbó o. Àwọn ṣúgà kan wà nínú ẹ̀ tí kò sí èèyàn kankan láyé tó ní ẹ́ńsáìmù wọn, bakitéríà ìfun ńlá ló ń jẹ wọ́n, gáàsì ló sì ń tìdí ẹ̀ jáde. Kẹ́ ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú, kẹ́ ẹ da omi ẹ̀ nù, kẹ́ ẹ fi omi mìíràn sè é, ó ń dín in kù. Ẹ má tìtorí ẹ̀ sá fún ẹ̀wà o, àwọn bakitéríà yẹn ń ṣe wá lóore tí wọ́n bá rí nǹkan jẹ.

Àwọn ìyá ọmọ tuntun ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, torí mo ṣì ń rí ọmọ oṣù méjì tí wọ́n ń rọ ọ̀gì fún. Pancreas ọmọ yẹn ò tíì ń ṣe amylase tó nǹkan, ọ̀gì sì rèé, sítáàṣì ni. Kò tíì sí ẹni tó máa gé e dáadáa nínú ìfun ẹ̀. Lactase ló ní lọ́pọ̀ yanturu, ọmú nìkan ni ara ẹ̀ sì ń retí títí á fi pé oṣù mẹ́fà. Tó bá wá pé oṣù mẹ́fà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀gì, ẹ má já a lẹ́nu ọmú lójijì o, amylase tiẹ̀ wà nínú omi ọmú ìyá fúnra ẹ̀, á máa bá a gé ọ̀gì náà títí pancreas tiẹ̀ á fi gbó.